Ọwọ́ Tí Kò Jí

Mo jí, ọwọ́ mi kò jí.
Àkùkọ ti kọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta lẹ́yìnkùlé Ìyá Fọlọ́ráńsì,
ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ṣì ká jọ sórí àyà mi
bí ọmọ adìẹ tí òjò pa.
Mo ní, ẹ dìde. Wọn ò dìde.
Mo fipá nà wọ́n, wọ́n dún bí ilẹ̀kùn Àkàbà Ìdènà.
Eyín ni mo fi tú kókó ìṣẹ́tí aṣọ mi.

Ẹ̀yin ìka yìí náà kọ́?
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ di kòlẹ́sẹ̀ fún orí mẹ́rin lóòjọ́,
tẹ́ ẹ la irun lọ́nà tó tọ́ ju títì Pọ́bẹ̀ lọ,
tí àwọn ọmọ ń sùn lórí itan mi, ẹkún wọn ti gbẹ.
Èmi Àwẹ̀ró, onídìrí ìdí igi ọ̀dán.
Lónìí ìdérí ìgò epo ń fi mí ṣẹ̀sín.

Àlejò kan wà tó ń yà mí lóṣooṣù
láti ìgbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́rìnlá.
Mi ò fẹ́ràn rẹ̀. Ó ń ba aṣọ mi jẹ́,
ṣùgbọ́n mo mọ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀.
Ọdún tí mo pé mẹ́tàlélógójì, ó fo oṣù kan,
ó fo mẹ́ta, ó yọjú díẹ̀ bí ẹni tó gbàgbé bàtà,
ó lọ.
Bàbá Kolẹ́ẹ̀tì rò pé oyún ni. Ó ra ẹran.

Lẹ́yìn náà ni iná dé.
Ọyẹ́ ń fẹ́, ètè gbogbo Kétu ń là,
èmi ń làágùn bí ẹni tó ń yan gàrí,
mo ń fi ọmọrí ìkòkò fẹ́ ọrùn mi lóru.
Àwọn ẹgbẹ́ mi ní, "O ti di àgbà nìyẹn."
Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rín in.

Ìka àárín ló kọ́kọ́ wú, ọwọ́ ọ̀tún.
Kò pẹ́, ti òsì wú láti bá a dọ́gba,
bí ìbejì tí kò fẹ́ kí a fún èkejì ju òun lọ.
Wọ́n ní ayé ló ṣe mí. Wọ́n ní òtútù ni.
Wọ́n ní mo fọwọ́ kan orí tí kò yẹ kí n fọwọ́ kàn.
Mo fi òrí pa á. Mo fi ewé gbígbóná dì í.
Mo sanwó fún gbogbo ìdáhùn.

Nọ́ọ̀sì kékeré kan lọ́sibítù, Ẹdíìtì, kò ju ọmọ mi lọ,
ó tẹ oríkèé mi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń wá ọsàn tó pọ́n.
"Ìyá, ọmọ ọdún mélòó lẹ jẹ́ nígbà tí nǹkan oṣù yín dá?"
Mo wo ẹnu ọ̀nà. Ọlọ́kadà kan jókòó síbẹ̀.
Mo rọra dáhùn.
Kò sẹ́ni tó bi mí rí.

Ó ní, "Ó tètè dá."
Ó ní omi kan ń bẹ nínú ẹ̀jẹ̀ obìnrin tó ń bá a ṣọ́lé;
bó bá tètè gbẹ, àwọn ọlọ́dẹ ara lè ṣìwà hù,
kí wọ́n yọ àdá sí onílé.
Kì í ṣe gbogbo obìnrin. Kì í ṣe èpè.
Kò tíì dá òun náà lójú, ẹ̀jẹ̀ mi ni yóò sọ.
Ṣùgbọ́n kí n má dúró dìgbà tí ìka bá wọ́,
oríkèé tó ti bàjẹ́, oògùn kì í tún un mọ.

Mo sunkún níbẹ̀. Kì í ṣe ti ìrora.
Wọ́n bi mí léèrè ni.

Ọ̀la ni èsì yóò dé.
Lálẹ́ yìí Kolẹ́ẹ̀tì jókòó sẹ́yìn mi lórí àpótí,
ó ń di irun mi, apá mi kò dé orí mọ́.
Onígbàjámọ̀ kì í fá orí ara rẹ̀, mo mọ̀,
síbẹ̀ mò ń ka ọ̀nà tó ń là.
"Èyí wọ́," ni mo wí.
"Ẹ dákẹ́, Màmá."
Ó wọ́ lóòótọ́.
Mo ti ọwọ́ mi méjèèjì bọ abọ́ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́,
mo jẹ́ kó wọ́.